Ọ̀nà Erin Láàárín Kòtò Èédú Méjì

18 Ẹrẹ́nà

Òdòdó mahua tí à ń sá tà, tí à ń jẹ, tí a sì ń fi pọn ọtí, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Kò tíì kún agbọ̀n kan lábẹ́ gbogbo igi mi, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bọ́ ní ìdájí mọ́ lóló. Ìgbà tó bá di agogo méjì ọ̀sán tí wọ́n yin àdó nínú kòtò èédú ni nǹkan ń bàjẹ́: ilẹ̀ á mì, igi á gbọ̀n, èyí tí kò tíì gbó á já lulẹ̀, eruku dúdú á sì bò ó. Omi mẹ́ta ni mo fi fọ tòní kí n tó sá a. Oníṣòwò ní òun kò ní san ju rúpìì méjìdínlọ́gbọ̀n lọ lórí kílò "mahua aláèédú". Ogójì ló san lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀rín ló ń rín bó ṣe ń sọ ọ́. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí mo sọ sí i nínú ikùn mi.

Àwọn Mahraj kò tíì dé. Erin ni mò ń wí. Lásìkò òdòdó, a kì í pè é lórúkọ ní abúlé wa, Semarbhatha, ìyá wa kò ní gbà. Ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe igbó, mo lè kọ ọ́ síbí.

Lọ́dọọdún, bí òdòdó bá ti ń bọ́, ipasẹ̀ wọn á ti wà létí odò kékeré Salhi. Lọ́dún yìí kò sí Salhi. Òjò tó kọjá kò tíì gbẹ tán tí wọ́n fi gbẹ́ Kòtò Tuntun síbẹ̀. Odò tí mo ti ń fọ aṣọ láti ìgbà ọmọdé ti di ihò.

Òkúta ibojì Birsai ọkọ mi náà wà nínú ihò yẹn. N kò fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lónìí.

20 Ẹrẹ́nà

Bàbá Dhansai kanlẹ̀kùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwa méjì péré ló kù nínú ẹgbẹ́ tó ń tọpasẹ̀ erin fún ọ́fíìsì igbó. Àwọn ọ̀dọ́ tó kù ti lọ ń wa típà fún ilé-iṣẹ́ èédú.

"Wọ́n ti dé o," ló wí. "Ọjọ́ ọdún Holi ni wọ́n sọdá títì. Gbogbo dírẹ́bà ti mutí yó, ojú wọn kún fún lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀, típà kan ò rìn. Ìyá Àgbà tó ń ṣíwájú wọn yẹn gbọ́n ju mínísítà lọ."

"Báwo ni wọ́n ṣe máa padà?"

"Ó di Holi ọdún tó ń bọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò lè bá a rín in.

A tẹ̀ lé ipasẹ̀ náà. Ìyá Àgbà ló ṣíwájú, mo mọ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tó máa ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ kan wà láàárín wọn, kò fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ. Ọ̀nà Salhi tààrà ni wọ́n tọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti ayé bàbá bàbá mi, títí dé etí Kòtò Tuntun. Ibẹ̀ ni ipasẹ̀ parí sí. Ìgbẹ́ wọn wà níbẹ̀ ní òkìtì òkìtì, tuntun lórí gbígbẹ. Wọ́n ti dúró síbẹ̀, wọ́n ti lọ, wọ́n tún ti padà wá dúró.

Èmi náà dúró. Ìsàlẹ̀ jìn, omi aláwọ̀ ewé kan sùn síbẹ̀. Mo gbìyànjú láti mọ ibi tí òkúta ọkọ mi wà tẹ́lẹ̀. Etí Salhi níbi tó ti ṣubú ni a sin ín sí, nítorí a kì í gbé ẹni tí erin pa wọ abúlé, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló sì ń ju òkúta kékeré kan sí i. Ilé-iṣẹ́ èédú ṣèlérí pé àwọn á gbé e lọ síbi tó dára. N kò tíì pàdé ẹni tó lè sọ fún mi ibi tó dára náà.

Ọmọ wọn kan kú sí etí Salhi rí. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń fi ọwọ́jà yí egungun rẹ̀ kiri kí wọ́n tó kọjá. Àwọn náà wá òkú wọn wá, wọ́n bá ihò. Mo ní kí Bàbá Dhansai jẹ́ ká lọ.

21 Ẹrẹ́nà

Mo gbọ́ ikọ́ Birsai lẹ́yìn ilé lójú oorun. Mo jí, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

26 Ẹrẹ́nà

Ooru burú. Èmi àti Bàbá Dhansai ti yí igbó náà ká tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ṣòro. Kòtò Ńlá wà lọ́wọ́ ìlà-oòrùn. Kòtò Tuntun wà lọ́wọ́ ìwọ̀-oòrùn. Títì típà, tí iná rẹ̀ kì í kú, wà lẹ́yìn wọn. Igbó igi sáàlì tó kù láàárín kò lè bọ́ wọn ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Iwájú nìkan ló ṣí, níbi odò ńlá àti igbó ńlá tó wà lódìkejì. Ẹni tó sì ni iwájú ni ẹ̀gbọ́n mi Mansai. Oko ìrẹsì rẹ̀ àti àwọn igi mahua tí bàbá wa fi sílẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kọjá, bí wọ́n bá máa kọjá.

Mo yà sílé rẹ̀ lọ kí ìyá wa. Wáyà kan wà tí wọ́n ká sára ògiri ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni wáyà yẹn wà fún?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ igbó."

"Ẹlẹ́dẹ̀ igbó wo ló nílò wáyà tó gùn dé òpó iná?"

"Ẹ wò ó! Ọ́fíìsì igbó ti fi ọ́ joyè ọlọ́pàá, wọn ò kàn tíì fún ẹ ní yúnífọ́ọ̀mù ni."

Sukwaro ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín níbi tó ti ń fẹ́ ìrẹsì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní yúnífọ́ọ̀mù. Ẹnu nìkan ló ní báyìí, ẹ wo bó ṣe ń dà wá láàmú."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mansai kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Nǹkan kan ló ń yà mí lẹ́nu, Phul. Wọ́n tẹ ọkọ ẹ pa. Ìwọ náà lo wá ń tọ́jú wọn bí ìyá ọmọ."

"Ọ̀nà wọn ló ti pàdé wọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni katapílà la títì síbẹ̀. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbà mọ́, òun náà ti mutí yó, kò mọ ibi tó ń lọ."

"Lọ sọ ìyẹn fún Birsai."

"Ẹ júwe ibi tí mo ti máa rí i fún mi, màá lọ sọ ọ́."

Ìyá wa ní kí n wá jẹ ìrẹsì tí wọ́n rẹ sómi. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú tòmátì gígún, ojú mi sì wà lára wáyà yẹn títí mo fi jẹun tán.

29 Ẹrẹ́nà

Ìjà díẹ̀. Gbogbo abúlé ló fẹ́ dáná sun ewé abẹ́ igi kí òdòdó lè hàn nílẹ̀. Mo ní ká fi ìgbálẹ̀ gbá a lọ́dún yìí, nítorí èéfín á tún lé àwọn Mahraj padà sí etí kòtò. Jethu aládùúgbò mi bi mí bóyá erin ni yóò gbálẹ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá wa, pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti tẹ̀, mú ìgbálẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá, ojú ti àwọn ọkùnrin. A kò dáná sun ewé kankan. Inú mi dùn bí ẹni pé mo jẹ tẹ́tẹ́.

2 Igbe

Àná ni àwọn Mahraj wọ abúlé, kò pẹ́ tí oòrùn wọ̀. Ilé Jethu ni wọ́n yà sí. Ó ti kó òdòdó gbígbẹ sínú yàrá tó ń sùn, bẹ́ẹ̀ a ti kìlọ̀ fún un títí ẹnu fi bó wa. Wọ́n wó ògiri, wọ́n jẹ mahua, wọ́n jẹ iyọ̀, wọ́n jẹ ìrẹsì irúgbìn. Jethu àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti sá gun òrùlé ilé-ìwé. Kò sí ẹni tó kú.

Mo rí Ìyá Àgbà dáadáa. Etí rẹ̀ òsì ti ya bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ síta, kò rí bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ náà wà lábẹ́ ikùn rẹ̀, ó fi ọwọ́jà bò ó, ó sì kọjú sí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì mi. N kò lè sá. Mo ti rí ojú ẹni tí ebi ń pa rí, n kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ọ̀gá Kerketta, ẹ̀ṣọ́ igbó, gun alùpùpù wá láàárọ̀ yìí pẹ̀lú àpò báńgà aláriwo tí wọ́n fi ń lé erin. Mo ní kó gbé e padà.

"Tí a bá yìn ín, ibo ni wọ́n máa sá lọ, Ọ̀gá? Inú kòtò?"

Ó jókòó. Ọmọdé ni, ó lè jẹ́ àbúrò mi, ó sì máa ń gbọ́ràn. "Ó dáa, Àǹtí Phul. Ẹ jẹ́ ká ṣí ọ̀nà fún wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí, kí gbogbo abúlé paná, kí ẹ so ajá, kí ẹ wọlé. Màá bẹ ilé-iṣẹ́ èédú kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró fún ìrọ̀lẹ́ kan péré. Tí wọ́n bá ti dé odò, ó parí."

Kó tó lọ, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Tí ẹ bá rí wáyà níbikíbi, ẹ sọ fún mi kó tó di ẹjọ́. Mi ò fẹ́ mú èèyàn. Wáyà ni mo fẹ́ mú."

Mo ní mo gbọ́.

4 Igbe

Mo lọ bá Mansai níbi tó ti ń pọn ọtí mahua. Mo sọ ohun tí Kerketta sọ fún un, n kò yọ nǹkan kan kúrò.

"Kí n yọ wáyà, kí wọ́n wá jẹ mí tán?" ló wí. "Ilẹ̀ tí mo ní lápá Salhi, wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Owó tí wọ́n san, ó ti tán. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tó gbé e lọ. Igi Bàbá ló kù. Òdòdó yìí la máa fi jẹun títí òjò á fi dé, èmi, Sukwaro, ìyá wa. Ṣé Kerketta ló máa bọ́ ìyá wa?"

"Ìrọ̀lẹ́ kan ni, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n á kọjá, wọ́n á lọ. Wọn ò fẹ́ràn wa tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n á fi jókòó tì wá."

Ó bu ọtí sínú ewé, ó da díẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá wa kó tó fẹnu kàn án. "Bàbá, ẹ gbọ́ o. Wáyà ò ní wọ oko yìí títí Mahraj á fi kọjá." Lẹ́yìn náà ló mu ún. Ó fún mi, èmi náà mu.

Nínú ìdílé wa, kò sí ẹni tó da ọtí sílẹ̀ fún òkú tó sì yẹ àdéhùn. Nítorí náà n kò pe Kerketta. Ara mi fúyẹ́ bí mo ṣe ń lọ sílé, mo tiẹ̀ kọrin díẹ̀.

8 Igbe

Gbogbo abúlé paná. Mo gbọ́dọ̀ yìn wọ́n, Jethu pàápàá so ajá rẹ̀, ó sì fi aṣọ dì í lẹ́nu. Èmi àti Bàbá Dhansai dùbúlẹ̀ sórí òrùlé Mansai. Wọ́n jáde kúrò nínú igbó sáàlì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò pariwo rárá. Ìyá Àgbà na ọwọ́jà rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ apá ibi tí odò wà. Ó ti gbóòórùn omi, mo mọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ sínú oko ìrẹsì. Bàbá Dhansai di ọwọ́ mi mú bí ọmọdé.

Àdó ọ̀sán kò dún lónìí nítorí mànàmáná ń kọ. A rò pé wọ́n ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ Kerketta. Ojú ọ̀run mọ́ nígbà tó yá, wọ́n sì yìn ín ní ìrọ̀lẹ́, ní àkókò yẹn gan-an, láti inú Kòtò Tuntun àti Kòtò Ńlá pọ̀. Ilé mì tìtì. Òdòdó ń rọ̀ sílẹ̀ bí òjò. Nígbà tí mo ṣíjú, kò sí erin kankan nínú oko mọ́, igbe ọmọ náà nìkan la ń gbọ́ tó ń jìnnà lọ.

Kerketta pè mí lórí fóònù. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé àdó tí a ti rì mọ́lẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ti sunkún.

9 Igbe

Mo kó òdòdó. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a.

10 Igbe

Wọ́n padà wá lóru àná láti inú igbó, wọ́n jẹ gbogbo òdòdó tí Mansai sá sí àgbàlá. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Mo lọ kí wọn. Sukwaro ń gbá ilẹ̀ òfìfo, ó ń gbá a lọ gbá a bọ̀. Mansai kò sí nílé.

Wáyà kò sí lára ògiri mọ́.

Mo rí i. Mo rí ibi tó ti fi àmì sára ògiri. Mo sọ fún ara mi pé ó ti tà á fún alágbẹ̀dẹ. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, n kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ti da ọtí sílẹ̀ fún Bàbá, mo ní nínú ara mi, mo sì lọ sílé lọ fọ òdòdó.

12 Igbe

Igbe kan ni mo gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí n tó dìde ni mo ti mọ̀.

Abẹ́ igi mahua tó tóbi jù ló ṣubú sí, igi tí bàbá wa máa ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà ni. Wáyà náà, tí wọ́n so kọ́ òpó iná, wọ inú ẹran ọwọ́jà rẹ̀. Òdòdó ń já lé e lórí, ó rọra ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù yí i ká, wọn kò jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Ọmọ náà ń fi orí ta á níkùn, ó ń wá ọmú. Ọmọ tirẹ̀ kọ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni, Bàbá Dhansai ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gbìyànjú láti gbé e dìde. Wọ́n gbìyànjú títí oòrùn fi kan àtàrí. Àdó agogo méjì ló lé wọn lọ. Mo ṣépè fún àdó yẹn, mo sì ṣépè fún ara mi.

Mansai jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà láàárín orúnkún.

"Mò ń bọ̀ wá yọ ìkọ́ lórí òpó kí ẹ̀yin obìnrin tó dé láti ṣa òdòdó," ló wí. "Díẹ̀ ló kù, Phul."

"Ẹ da ọtí sílẹ̀ fún Bàbá."

"Mo sọ fún Bàbá pé wọ́n á kọjá. Wọn ò kọjá. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń jẹ mí. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"



Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin gbé àgbọn wá, àti tùràrí àti lẹ́búlẹ́bú pupa. A fi kun iwájú orí rẹ̀, a to òdòdó sí etí rẹ̀ tó ya. Ìyá wa fi orí kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ dárí jì wá." Mansai ló wá kẹ́yìn. Gbogbo lẹ́búlẹ́bú inú abọ́ ló dà sí i lórí.

13 Igbe

Katapílà ilé-iṣẹ́ èédú ni wọ́n yá láti gbẹ́ ihò tí a sin Ìyá Àgbà sí. Wọ́n da àpò iyọ̀ lé e lórí.

Kerketta pe gbogbo abúlé jọ sábẹ́ igi. Ó bi wọ́n pé ta ló na wáyà iná síbẹ̀. Jethu ní òun kò rí nǹkan kan. Èkejì ní bóyá wáyà fúnra rẹ̀ ló já láti orí òpó. Bó ṣe ń lọ láti ẹnu dé ẹnu nìyẹn. Inú àwọn èèyàn wa dára, wọn kì í ta ara wọn. Lẹ́yìn náà ló kan èmi.

Ìyá wa di etí aṣọ mi mú. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. "Phulkunwar, ọmọ méjì péré ló kù fún mi."

Wọ́n ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí". Mo wo òkìtì ilẹ̀ tuntun yẹn, ó tóbi bí ilé. Bí mo bá ní n kò rí i, kí ni mo wá ń ṣe nínú igbó ní gbogbo ọdún yìí?

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," mo ní. "Mo rí wáyà náà kó tó nà án, mo dákẹ́. Ẹ mú èmi náà."

Mansai dìde. "Kò bá mi nà án, Ọ̀gá. Ẹ má dá a lóhùn." Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún Sukwaro, ó lọ jókòó sẹ́yìn alùpùpù Kerketta bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Wọn kò tilẹ̀ dè é.

17 Igbe

Àwọn Mahraj ń padà wá. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọ́n á jáde wá dúró yí òkìtì náà ká. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀ka sáàlì, wọ́n ń tò ó lé e lórí. Wọn kò fọwọ́ kan òdòdó tó tẹ́ lọ bí ẹní lábẹ́ igi, bẹ́ẹ̀ ebi ń pa wọ́n. Kò sí ẹni tó ń kó o nínú àwa náà. Ó ti ń kan, gbogbo abúlé ń rùn bí ilé ọtí.

Ohùn kan wà tí wọ́n ń ṣe tí etí kò gbọ́, àyà ló ń gbọ́ ọ. Ìyá wa ní òun ń gbọ́ ọ lórí ẹní. Èmi náà ń gbọ́ ọ, mo sì ń gbọ́ ikọ́ Birsai pẹ̀lú rẹ̀. Mo ti ń dá a lóhùn. Mo bi í pé ibo ló wà, ṣé omi yẹn kò tutù jù. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí.

Nídìí kànga, wọ́n máa ń fún mi láyè kí n kọ́kọ́ pọn, bí ẹni pé àlejò ni mí. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó la ẹnu.

20 Igbe

Òjò ńlá, òjò àìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n ti lọ.

Wọn kò gba ọ̀nà odò. Ẹ̀yìn ni wọ́n gbà padà, wọ́n sọdá títì típà nínú òjò. Dírẹ́bà kan, ọmọ abúlé kejì, wá sọ fún mi pé òun pa iná ọkọ̀, òun sì fi ọkọ̀ dí títì títí ọmọ náà fi kọjá. Wọ́n á gé owó rẹ̀. Mo fún un ní agbọ̀n òdòdó kan, ó kọ̀, mo tì í sí i lọ́wọ́.

"Wọ́n á padà wá lọ́dún tó ń bọ̀?" mo bi Bàbá Dhansai.

"Ta ló máa mú wọn wá? Ẹni tó mọ̀nà odò ti wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn." Ó lọ sílé láìdágbére fún mi, ohun tí kò ṣe rí.

30 Igbe

Àwọn ọkùnrin mẹ́rin dé láti ilé-iṣẹ́ èédú pẹ̀lú èèkàn tí wọ́n so àkísà pupa mọ́. Wọ́n na okùn kọjá nínú oko Mansai. Mo pe Kerketta, ó wá kíákíá, ṣùgbọ́n kò sọ̀kalẹ̀ lórí alùpùpù rẹ̀.

"Kòtò kẹta ni, Àǹtí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bèèrè fún un. Ọdọọdún ni ọ́fíìsì wa ń sọ pé kò ṣeé ṣe, erin ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sódò. Ìyẹn nìkan ló ń dá wọn dúró."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí náà nígbà náà. Wọ́n ṣáà wá."

"Wọ́n wá. Wọn ò kọjá." Kò lè wo ojú mi. "Wọ́n ti bi mí, Àǹtí. Wọ́n bi mí tààrà bóyá erin dé odò lọ́dún yìí, mi ò lè purọ́."

Ẹ̀yin Mahraj tí a ń lé bí olè, ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́ ilẹ̀ wa. A kò mọ̀. Bàbá wa pàápàá tó ń sùn sábẹ́ igi yẹn kò mọ̀. Mo sunkún lójú títì, n kò bo ojú mi.

3 Ẹ̀bìbí

Wọ́n ti ń fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sára àwọn igi mahua tí wọ́n máa gé. Ìyá wa jókòó sí ìdí igi ńlá, kò dìde. Ọkùnrin ọlọ́dà náà bẹ̀ ẹ́ títí, ó wá kọ tirẹ̀ sókè orí ìyá wa, ó rọra kọ ọ́ kí ọ̀dà má baà kán sí i lára.

Sukwaro ti ẹ̀wọ̀n dé ní ọ̀sán, ó lọ gbé oúnjẹ fún Mansai. Láti ọjọ́ tí wọ́n mú Mansai lọ, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Lónìí ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Ó rù," ló wí. "Ó ní kí n bi ọ́ nípa igi. Ó ní kí o bá òun ṣọ́ ọ, pé tí wọ́n bá dá òun sílẹ̀, igi yẹn lòun máa fi tún ayé òun ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, Phul, gbogbo wọn ló mọ̀ bí ẹni mọ ọmọ. Mi ò lè sọ fún un. Kí ni kí n sọ fún un?"

Mo fà á wọlé, mo bu omi fún un. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe.

Nígbà tó dìde, mo ní kó sọ fún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé gbogbo igi rẹ̀ ṣì wà lórí ìdúró. Títí di ìrọ̀lẹ́ òní, irọ́ kọ́.